Híta wo ló ń tètè mú balùwẹ̀ móoru? Màmá wa ń gbọ̀n níbi tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ

BàbáÌkókó_Salford (Ọjọ́ Ajé, 10:40 alẹ́)

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará ilé.

Ìyàwó mi bí ọmọbìnrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọpẹ́ ni. Màmá mi ti Ìsẹ́yìn wá bá wa wẹ ọmọ. Wọ́n gbé ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn tuntun àti òrí dání. Òrí yẹn ti dì gbagidi, ṣíbí ò wọ̀ ọ́ mọ́, abíyá ni wọ́n máa ń há ike rẹ̀ mọ́ kó tó rọ̀. Ẹ wá wo bí balùwẹ̀ á ṣe rí.

Ilé tí a rẹ́ǹtì ni, ilé àtijọ́ oníbíríkì pupa tó so mọ́ra wọn gbọọrọ. Ẹ̀yìn pátápátá ni balùwẹ̀ wà, lórí kíṣìnnì, ògiri mẹ́ta ló kọjú síta. Rédíátọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Láàárọ̀ yìí mo gbé ohun tí a fi ń mọ bí yàrá ọmọ ṣe móoru tó síbẹ̀, ó fi dígírì 13 hàn. Màmá ní, "Ṣé inú firíìjì lẹ máa ń wẹ̀ nílùú yìí ni?"

Gígùn balùwẹ̀ náà jẹ́ mítà 2.1, ó fẹ̀ ní 1.8, àjà rẹ̀ ga ní 2.4. Kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, àfi ti ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra híta onífáànù kékeré, kí n fa ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n wọlé láti yàrá, kí n gbé híta lé orí ìdérí ṣáláńgá. Mo ti rà á ní £25, ó ṣì wà nínú páálí. Ẹlòmíràn ní infrared, èyí tó ń pọ́n tó ń ta ooru sára ẹni bí oòrùn, ló dáa, ẹlòmíràn ní olóróró, èyí tí òróró wà nínú irin rẹ̀. Kí n tó tú páálí, mo ní kí n bi yín. Owó tí mo lè ná ò ju £150 lọ.

ÌyáÌbejì_Leeds (10:52 alẹ́)

Ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run á wò ó.

Àbúrò, má tú páálí yẹn. Fi rísíìtì rẹ̀ pamọ́ dáadáa.

Nǹkan kan wà tó ń yà mí lẹ́nu nípa àwa tí a wà lókè òkun. Ta ló ní dandan ni kí a wẹ ìkókó nínú balùwẹ̀? Lọ bi màmá yín, níbo ni wọ́n ti wẹ ìwọ fúnra rẹ? Ẹ̀yìnkùlé ni, tàbí ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọ́n á jókòó lórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ á sùn lórí ojúgun wọn, báàsì omi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ohun tó kan balùwẹ̀ níbẹ̀.

Oṣù kejì ni mo bí àwọn ìbejì mi, yìnyín wà nílẹ̀. Pálọ̀ ni ìyá ọkọ mi ti wẹ̀ wọ́n fún oṣù mẹ́ta. A tẹ́ rọ́bà tábìlì sílẹ̀, a tẹ́ tówẹ̀lì lé e, báàsì wà lẹ́bàá rédíátọ̀ tó gbóná jù nínú ilé. Omi nìkan la ń gbé. Àwa àgbà la tọrọ ooru fún balùwẹ̀ o, kì í ṣe ọmọ.

Oníná_Peckham (11:15 alẹ́)

Ẹ káalẹ́ o. Iṣẹ́ mi nìyí, ọdún 19 rèé tí mo ti ń fa wáyà ní London. Ìyá Ìbejì ti sọ ti ọmọ, mi ò ní bá wọn jiyàn. Àmọ́ màmá náà á wẹ̀, ìyá ọmọ náà á wẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè gan-an.

Bàbá Ìkókó, ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n yẹn, ẹ má ṣe é láé. Ẹni tí ara rẹ̀ rin, tó fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí táìsì, tó tún di ẹ̀rọ omi mú, iná ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, bíréékà kan wà tó máa ń já bí iná tó kéré gan-an, 30 miliámpù, bá ti ń sá lọ sí ibi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n ilé àtijọ́ ni tiyín, mi ò sì tíì ṣí àpótí iná yín wò. Yàtọ̀ síyẹn, híta 2,000 wáàtì ń fa tó ámpù 8.7. Bí ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n bá jẹ́ irú èyí tí a máa ń ká sára róòlù, tí ẹ ò tú u tán, wáyà á máa dáná sí ara rẹ̀ nínú róòlù yẹn. Mo ti gé ọ̀kan tó yọ́ pọ̀ di odindi, bí ẹ̀bà tó ti sùn mọ́jú.

Òfin wáyà tí à ń lò níbí, BS 7671, pín balùwẹ̀ sí agbègbè. Inú báàfù ni agbègbè 0. Òkè báàfù, títí dé mítà 2.25 láti ilẹ̀, ni agbègbè 1. Láti etí báàfù, ẹ wọn 60 sẹ̀ǹtímítà sí ẹ̀gbẹ́, agbègbè 2 nìyẹn. Ohun oníná tó bá máa wà ní agbègbè 1 tàbí 2 gbọ́dọ̀ ní àmì IPX4 ó kéré tán: omi lè ta sí i láti ọ̀nà gbogbo kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ní ti sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán, àfi kó jìnnà tó mítà 2.5 sí etí agbègbè 1. Mítà 3 ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2022 ni wọ́n dín in kù. Yàrá tiyín ò gùn ju 2.1 lọ. Ṣé ẹ ti rí ìdí tí kò fi sí sọ́kẹ́ẹ̀tì níbẹ̀? Ẹni tó ṣe wáyà ilé yín kò gbàgbé, ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ni.

Èyí tí mo máa ń kàn fún àwọn oníbàárà tó ń fẹ́ kíákíá ni híta onífáànù tí a máa ń dè mọ́ ògiri lókè, tó ń fẹ́ ooru wálẹ̀, 2,000 wáàtì. Okùn la fi ń tàn án, bíi ti iná balùwẹ̀. Bí ẹ bá fa okùn yẹn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó bọ́ṣọ, ẹ ò ní bá òtútù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdí yàrá ni báàfù yín wà, ó fẹ̀ tó 70 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi 60 ti agbègbè 2 kún un, ó ku 80 lápá ẹnu ọ̀nà. Òkè ilẹ̀kùn ni kó lọ. Wáyà rẹ̀ á gba inú fíúùsì 13 ámpù, síwíìṣì tó lè pa á pátápátá á sì wà níta. Ilé onílé ni, ẹ kọ̀wé sí i kí ẹnikẹ́ni tó lu ògiri.

Ọ̀gáÌṣirò_MK (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Oníná, ẹ má bínú, ṣé wáàtì kọ́ ni wáàtì? 2,000 ti olóróró, 2,000 ti onífáànù, kí ló mú ọ̀kan yá ju èkejì lọ? Mo ní olóróró, kì í pariwo, owó iná kan náà ni.

Oníná_Peckham (7:31 àárọ̀)

Òótọ́ ni, wáàtì ni wáàtì. Ibi tó kọ́kọ́ ń lọ ló yàtọ̀. Tiyín á kọ́kọ́ mú òróró gbóná, á mú irin tó wúwo gbóná, kó tó kan afẹ́fẹ́, ó sì lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó mọ̀ pé ó wà nínú yàrá. Onífáànù, wáyà tín-ín-rín kan ló ní láti mú pọ́n, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Bí ẹni ń fi ìkòkò irin tó nípọn àti ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ se omi ni. Olóróró dáa fún yàrá tí èèyàn máa jókòó sí mọ́jú. Ẹni tó fẹ́ wẹ̀ kó bọ́ sí ibi iṣẹ́, àárọ̀ ti lọ.

Ọ̀gáÌṣirò_MK (8:20 àárọ̀)

Ó dáa, mo ṣírò rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. 2.1 × 1.8 × 2.4, kíúbíìkì mítà 9 ni. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wúwo tó kílò 11. Láti gbé e láti 13 sí 23, kílójúùlù 110 ló máa jẹ. Híta 2 kílówáàtì á ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá 55! Kò tó ìṣẹ́jú kan. Kí wá ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ sọ?

Oníná_Peckham (8:44 àárọ̀)

Ẹ ti gbàgbé ògiri. Ẹ ti gbàgbé táìsì, báàfù, dígí, ilẹ̀. Gbogbo wọn wà ní 13 náà, ebi ń pa wọ́n. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbóná ni wọ́n ń fà á mu. Ìdí nìyẹn tí ooru fi máa ń sá bí ẹ bá pa híta lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì.

Púlọ́ńbà_Luton (9:10 àárọ̀)

Gbogbo yín ti sáré kọjá rédíátọ̀. Bàbá Ìkókó ní ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Rédíátọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lásán.

Ẹ gbé ọwọ́ lé e nígbà tí bọ́ílà bá ń ṣiṣẹ́. Bí òkè bá tutù tí ìsàlẹ̀ sì gbóná, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà fún un, kò tó £2. Ẹ pa bọ́ílà, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi àkísà gba abẹ́, ẹ yí i díẹ̀: ẹ ó gbọ́ "ṣììì", nígbà tí omi bá tú jáde ẹ dè é padà. Kí ẹ wá wo òdiwọ̀n omi lára bọ́ílà bóyá ó ti wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá tutù tí àwọn tó kù sì gbóná, ẹ yọ orí fáàfù tó ní nọ́ńbà lára rédíátọ̀ náà kúrò, abẹ́rẹ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń lẹ̀ bí wọ́n bá ti pa á tipẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ohun tó le, jẹ́jẹ́, á fò padà.

Kejì, fáànù tó ń fa oru omi síta. Bó bá wà ní pípa, ẹ ya ewé tíṣù kan, ẹ gbé e súnmọ́ ọn. Bí tíṣù bá ń jó, ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ti há sílẹ̀, atẹ́gùn ìta ń bá yín wẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí ilé tí wọ́n ra híta méjì sí nítorí ìdérí páńda bẹ́ẹ̀.

Àgbà_Glasgow (12:30 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti infrared, nítorí mo ní in. Irú èyí tó ní ọ̀pá dígí méjì tó máa ń pọ́n rúsúrúsú, 1,200 wáàtì, IPX4, òkè ilẹ̀kùn ló wà.

Yíyá, ó yá. Kí o tó mú ọwọ́ kúrò lára okùn, o ti mọ̀ ọ́n lára, nítorí ara rẹ ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í dá afẹ́fẹ́ lóhùn. Ibẹ̀ náà ni ìṣòro rẹ̀ wà. Ṣé o mọ bó ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́, tí oòrùn ń pa iwájú orí rẹ, tí ọyẹ́ sì ń gún ẹ lẹ́yìn? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Orí àti èjìká mi wà ní Kánò, ìdodo lọ sísàlẹ̀ ṣì wà ní Glasgow. Bí mo bá tẹ̀ láti fọ ẹsẹ̀, ìdí mi nìkan ló ń gbóná. Ìyàwó mi ò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní bí ẹni pé wọ́n ń yan òun ni.

Àǹfààní rẹ̀: kò pariwo rárá, kò fẹ́ atẹ́gùn sára ẹni tó rin. Fáànù, bó bá ń fẹ́ sí ara tútù, á kọ́kọ́ mú ẹ gbọ̀n kó tó mú ẹ gbóná. Ìyẹn náà, ẹ máa sọ ọ́. Bí mo bá tún fẹ́ rà, màá ra onífáànù, màá tàn án kí n tó wọlé, màá pa á bí mo bá ń wẹ̀.

ỌmọOdò_Chicago (2:15 ọ̀sán)

Kí ló dé tí tiyín le tó báyìí? Ní Amẹ́ríkà níbí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì balùwẹ̀, ó ní bọ́tìnnì tẹ́ẹ̀sì tó máa ń já bí omi bá kàn án. Mo kàn pọ́lọ́ọ̀gù híta mọ́ ọn. Balùwẹ̀ ńlá wa lókè, inú àjà ni tiẹ̀ wà, iná, fáànù àti híta lápapọ̀.

Oníná_Peckham (2:40 ọ̀sán)

Fóòtì 120 ni tiyín, 230 ni tiwa, òfin ò lè rí bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́, híta yẹn ò ju 1,500 wáàtì lọ, àbí? Ìgbà tí ìyàwó yín bá tún tan ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun lórí ìlà kan náà ńkọ́?

ỌmọOdò_Chicago (2:43 ọ̀sán)

Ẹ má rán mi létí. Ámpù 12.5 ni híta nìkan. Bíréékà á já, òkùnkùn á ṣú, irun ti gbẹ ní ìdajì. Ọjọ́ Àìkú kan kò sí tí a kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì.

ArákùnrinJos (5:00 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ará London, ẹ kú ìgbádùn. Jos ni mo ń gbé, oṣù kìíní náà ni níbí, iná ìjọba ò sí láti àná. Ẹ wo tiwa: a ó gbé omi ká iná gáàsì, á hó kutukutu, a ó da ìdajì rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú balùwẹ̀ láìdé e, a ó ti ilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún, oru ti gba gbogbo ibẹ̀. Kí wá ni 2,000 wáàtì?

Púlọ́ńbà_Luton (5:22 ìrọ̀lẹ́)

Ó ń ṣiṣẹ́ ní Jos nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ lásìkò ọyẹ́, fèrèsé yín náà kì í pa dé. Níbí, oru yẹn á lọ wá ògiri tó tutù jù lọ, á di omi sára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ohun dúdú á máa hù lókè fèrèsé, ọmọ tuntun á sì máa fà á símú. Àní híta pàápàá kì í mú omi kúrò nílé, ó kàn ń gbé e rìn ni. Ẹ tan híta kí ẹ tó wẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, bí ẹ bá wẹ̀ tán ẹ tan fáànù tó ń fà á síta fún bí ogún ìṣẹ́jú. Àwọn tó ń pa fáànù yẹn nítorí ariwo ló ń pè mí láti wá kun ògiri. Mi ò sì í ṣe oníkùn.

BàbáÌkókó_Salford (9:48 alẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún màmá. Nígbà tí mo dé ibi ti arákùnrin Jos, wọ́n ní, "Onílàákàyè nìyẹn." Wọ́n wá bi mí ibi tí wọ́n ti ń ta èédú nílùú yìí. Wọ́n ní tí mo bá lè rí ìkòkò èédú kan, kí n gbé e sí igun balùwẹ̀, tó bá ti pọ́n tí kò rú èéfín mọ́, kò lè ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà ọyẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún wọn.

Nọ́ọ̀sì_Croydon (9:55 alẹ́)

Bàbá Ìkókó, ẹ gbé fóònù fún màmá, ẹ ka eléyìí sókè:

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ọ̀nà jínjìn. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí èédú wọ inú ilé yẹn. Èyí tí kò rú èéfín mọ́ gan-an ló léwu. Gáàsì kan ń jáde lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónósáìdì. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ojú. Á kàn máa ṣe èèyàn bí orí fífọ́ àti oorun. Nígbà tí ẹ wẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀ọ̀dẹ̀ yín ní ojú afẹ́fẹ́, òrùlé páànù ní àyè. Ilé ibí, wọ́n ti dí gbogbo ihò pa nítorí òtútù.

Ní ti omi ọmọ: 37 sí 38 dígírì ni kó wà, ìgbọ̀nwọ́ yín ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ tó ti mọ́ omi gbígbóná lára. Ẹ kọ́kọ́ da omi tútù, kí ẹ tó da gbígbóná lé e. Tówẹ̀lì rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà lórí rédíátọ̀ kó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀yìn ìwẹ̀ ni òtútù máa ń mú ọmọ, kì í ṣe inú omi. Mo fara mọ́ Ìyá Ìbejì, ẹ gbé báàsì lọ sí pálọ̀.

Oníná_Peckham (10:10 alẹ́)

Mo fi kún un: bí ẹ bá ti ra híta kankan, infrared tàbí onífáànù, mi ò ní dojú rẹ̀ kọ ìkókó tààrà láti itòsí. Ẹ mú yàrá gbóná, kí ẹ tó gbé ọmọ wọlé.

ÀǹtíMítà_Birmingham (Ọjọ́rú, 6:40 àárọ̀)

Ẹnì kan ò tíì sọ ti owó! Mítà ìsanwó-tẹ́lẹ̀ ni mò ń lò, mo máa ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàìsàn. Èló ni nǹkan yìí ń jẹ?

Ọ̀gáÌṣirò_MK (7:02 àárọ̀)

Àǹtí, iṣẹ́ mi dé. Ká sọ pé yúníìtì iná jẹ́ 27 pẹ́ńsì. Híta 2 kílówáàtì, bí ẹ bá tàn án fún ogún ìṣẹ́jú, ìdá méjì nínú mẹ́ta yúníìtì ló jẹ, pẹ́ńsì 18. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, 36. Ọgbọ̀n ọjọ́, £10.80. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wákàtí mẹ́wàá, £5.40 lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà ẹ wá èyí tó ní àkókò tí ó máa pa ara rẹ̀.

ÀǹtíMítà_Birmingham (7:09 àárọ̀)

Irin tówẹ̀lì oníná ńkọ́? Ọmọ mi obìnrin ní ó rẹwà.

Oníná_Peckham (7:15 àárọ̀)

Ó rẹwà. Èyí tó kéré ò ju 150 wáàtì lọ, gílóòbù àtijọ́ méjì tàbí mẹ́ta nìyẹn. Ó ń gbẹ tówẹ̀lì. Yàrá ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

BàbáÌkókó_Salford (ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:20 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Rédíátọ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Òkè tutù, ìsàlẹ̀ gbóná, gẹ́gẹ́ bí Púlọ́ńbà ṣe sọ. Mo ra kọ́kọ́rọ́, mo yí i, ó ṣe "ṣììì" pẹ́ títí mo fi rò pé mo ti bà á jẹ́, kí omi dúdú tó tú sí mi lọ́wọ́. Tíṣù náà jó lójú fáànù, àṣé òkú ẹyẹ kékeré kan ló há ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò sọ fún màmá, wọn ò bá wá ìtumọ̀ sí i. Ìgbésẹ̀ méjì yẹn nìkan, 13 di 17.

Onílé ò dá wa lóhùn, ajẹ́ǹtì rẹ̀ ní kí a dúró. Mo wá kọ ímeèlì kejì, mo kọ agbègbè 0, 1, 2 síbẹ̀ bí Oníná ṣe kọ ọ́, mo sọ pé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wà nílé, mo so fọ́tò 13 yẹn mọ́ ọn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n pè. Oníná tí wọ́n rán wá ṣí àpótí iná, ó mí kanlẹ̀. Bíréékà 30 miliámpù yẹn kò sí níbẹ̀ rárá, fíúùsì oníwáyà ló kún inú rẹ̀. Ó ní òun ò lè so híta mọ́ ọn láìpààrọ̀ àpótí. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn nìyẹn. Onílé san ti àpótí àti iṣẹ́, èmi ra híta, £90 àti díẹ̀, onífáànù 2,000 wáàtì pẹ̀lú okùn, ó ń pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Ó wà lókè ilẹ̀kùn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a fa okùn, òórùn bí eruku tó ń jóná jáde, ìyàwó mi sáré gbé ọmọ bọ́ sí òpópónà. Oníná tó wá kàn án ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé á rí bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mo gbàgbé láti sọ fún un. Láàárọ̀ yìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 17 di 24. Mo dúró síbẹ̀ mo ń wo nọ́ńbà náà bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

ÌyáÌbejì_Leeds (4:31 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú oríire. Ọmọ wá padà sí balùwẹ̀ nìyẹn?

BàbáÌkókó_Salford (4:35 ìrọ̀lẹ́)

Àǹtí, màmá kọ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti gbé báàsì lọ sí pálọ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ti ń rí fíìmù Yorùbá wò bí wọ́n bá ń na ọmọ lápá. Àpótí ìjókòó wo ni wọn ò ní kí n wá? Mo rí ọ̀kan rà ní ṣọ́ọ̀bù ọgbà, ti àwọn tó ń gbin òdòdó. Àwọn fúnra wọn ló ń gbádùn híta. Wọ́n á fa okùn, wọ́n á jókòó sí yàrá wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, wọ́n á wá wọlé lọ pẹ̀lú ike òrí. Òrí ti ń rọ̀ fúnra rẹ̀ báyìí.

Nọ́ọ̀sì_Croydon (4:50 ìrọ̀lẹ́)

Èédú ńkọ́?

BàbáÌkókó_Salford (4:52 ìrọ̀lẹ́)

Wọ́n ní nígbà ooru, kí a fi sun àgbàdo ní ẹ̀yìnkùlé.

ÌyáÌbejì_Leeds (5:03 ìrọ̀lẹ́)

Híta £25 yẹn, ṣé o dá a padà bí mo ṣe sọ?

BàbáÌkókó_Salford (5:10 ìrọ̀lẹ́)

Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, Àǹtí. Ọjọ́ 28 tí wọ́n fún wa ti kọjá, a ò sì rí rísíìtì. Páálí rẹ̀ ò tíì ṣí. Ta ló fẹ́ rà á ní £15? Ti yàrá ni o, kì í ṣe ti balùwẹ̀.